Ọmọlanke Inú Ṣọ́ọ̀bù

Òjò ló há mi mọ́ ìsọ̀ pákó kan ní Ìkòtún, níbi tí mo ti gbọ́ ohun tí bàbá káfíńtà kan ń bá ọkùnrin tó ń ta pákó sọ.

"Mú pláíwúùdù tó nípọn fún mi. Mo fẹ́ kan àpótí onítáyà tí màá máa kó irinṣẹ́ sí nínú ṣọ́ọ̀bù."

Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ kúkú sọ pé ọmọlanke ni, jàre."

"Má rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ mi ti kọṣẹ́. Tí mo bá ti jókòó, mi ò lè dìde lọ mú ayùn mọ́."

"Àwọn ọmọ yín tó ń bá yín ṣiṣẹ́ níjọ́sí ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ, wọn ò yà wá mọ́. Irọ́ ni orúkọ ọmọlanke yẹn ń pa ṣá. Ọmọ là ń kẹ́, àbí? Mo kẹ́ wọn títí. Pákó ló kù tí màá máa kẹ́."

Ọlọ́jà ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ṣùgbọ́n bàbá, ọmọlanke kì í dá rìn. Ta ni yóò máa tì í wá bá yín?"

Bàbá nawọ́ sí okùn tó wà nínú ìsọ̀ náà.

"Fi okùn kún un. Èyí tó gùn dáadáa ni kí o fún mi, kí n lè máa jókòó fà á wá sọ́dọ̀ mi."