Lẹ́tà Àlàyé Mísì Osaro Ṣì Wà Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó ti pé ọdún méje tí ọ̀rọ̀ kan ti wà níkùn mi. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi, n kò sọ ọ́ fún àlùfáà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ mi obìnrin, Bọ́sẹ̀, gba ìwé pé kó lọ ṣe àgùnbánirọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Bẹ́ńdẹ̀lì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi.

Akọ̀wé ni mí ní ilé-ìwé girama kan nítòsí Ìlárá Rẹ́mọ. Lọ́dún náà, ìjọba fi àgùnbánirọ̀ kan ránṣẹ́ sí wa, Mísì Osaro, ọmọ Bẹ́ńdẹ̀lì. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, "Màmá" ló máa ń pè mí.

Bọ́sẹ̀ wà ní kíláàsì kẹta nígbà náà. Ó fìdí rẹmi nínú ìṣirò, wọ́n sì ní kó tún kíláàsì náà ṣe. Mo lọ bá Mísì pé kó bá mi fi máàkì díẹ̀ kún un.

Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Tí mo bá ṣe é fún Bọ́sẹ̀, kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn tó kù?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kò sí wàhálà. Irọ́ ni mo pa. Inú ń bí mi gidigidi. Ọmọ àná lásán-làsàn, òun ló fẹ́ dójú tì mí níbi iṣẹ́ mi.

Ní sáà tó tẹ̀lé e, wọ́n kéde orò nílùú. Ọ̀sán gangan ni orò máa ń jáde níbẹ̀, fún ọjọ́ mẹ́ta, obìnrin kankan kò sì gbọdọ̀ yọjú síta. Mísì kò mọ̀. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún un pé kó tilẹ̀kùn mọ́rí, kó má wá síṣẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí oṣù parí, èmi ni mò ń kọ iye ọjọ́ tí àgùnbánirọ̀ wá síṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wọn l'Ábẹ́òkúta. Mo kọ ọ́ pé Mísì pa iṣẹ́ jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta láìgbàyè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù. Èmi náà jókòó sílé lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mò ń bó obì fún ọkọ mi. Nínú ìwé tàwa òṣìṣẹ́, mo kọ ọ́ pé mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá wa wà ní ìsinmi, igbákejì rẹ̀ kì í sì í ka ohun tó bá ń buwọ́ lù.

Wọ́n ní kí Mísì ṣàlàyé ara rẹ̀. Ó kọ lẹ́tà olójú ìwé méjì, ó fi lé mi lọ́wọ́ kí n bá òun fi ránṣẹ́. Ó kọ orúkọ mi síbẹ̀ pé kí wọ́n bi mí, pé èmi ni mo kìlọ̀ fún òun. Mo kà á tán, mo tì í sísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ tábìlì mi.

Wọn kò rí èsì, wọ́n bá fi oṣù mẹ́ta kún ìsìnrú ìlú rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìwé-ẹ̀rí, wọ́n lọ. Iṣẹ́ tó ń dúró dè é nílùú wọn bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, torí wọn kò lè gbà á láìsí ìwé-ẹ̀rí yẹn. Mo bá a níbi tó ti ń sunkún nínú yàrá àwọn olùkọ́. Mo fẹ́ jẹ́wọ́. Ẹ̀rù ló bà mí, pé wọn á lé mi lẹ́nu iṣẹ́.

Oúnjẹ ni mo wá ń gbé lọ fún un, ìkọ́kọrẹ́ lónìí, ẹ̀wà lọ́la. Bọ́sẹ̀ ló máa ń bá mi gbé e. Mísì kò mọ bí yóò ṣe dúpẹ́. Ló bá ń kọ́ Bọ́sẹ̀ ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ilé-ìwé, títí oṣù mẹ́ta náà fi pé. Ẹ̀kọ́ yẹn ló gbé ọmọ mi dé yunifásítì.

Lánàá, Bọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù rẹ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ gbàdúrà fún mi, kí n rí ẹni tó máa ṣe mí bí ẹ ṣe ṣe Mísì."

N kò lè ṣe àmín.

Lẹ́tà náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, àdírẹ́sì ilé wọn ní Bẹ́ńdẹ̀lì sì wà lórí rẹ̀. Ṣé kí n fi rán Bọ́sẹ̀ sí Mísì? Tí mo bá fi rán an, Bọ́sẹ̀ yóò kà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ, kí ni kí n ṣe? Ìparí oṣù yìí ló ń lọ.