Ojú Tí Jósẹ́fù Yà Tí Mo Pè Ní Tèmi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, inú ló ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara da ohùn mi. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí irọ́ kan ti wà lọ́rùn mi, mi ò sì lè gbé e mọ́. Ògiri tí mo torí rẹ̀ pa irọ́ náà ti ń bà jẹ́ nítorí òjò, wọ́n sì ní kí n wá tún un ṣe. Mi ò lè tún un ṣe. Kì í ṣe èmi ni mo ṣe é.

Iṣẹ́ ọ̀dà ni mò ń ṣe ní Ìlaròó. Mò ń kọ pátákó fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù, mò ń kọ orúkọ sára mọ́tò. Alfa Ọlọ́dà ni wọ́n ń pè mí. Ilé kéú ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú lẹ́tà dúró dáadáa, lórí wàláà, lọ́wọ́ Alfa tó tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí bàbá mi kú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọkùnrin náà. Ohun kan tó kọ́ mi ni pé kí n má ya àwòrán ohun tó ní ẹ̀mí. Mo gbà á, mi ò sì yà á rí títí di òní.

Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ kí wọ́n ya àwòrán sára ògiri gígùn tó wà láàárín ìlú, lójú títì, èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Wọ́n fẹ́ lẹ́tà ńláńlá, wọ́n sì fẹ́ ojú àwọn èèyàn wa: àgbẹ̀, aránṣọ, àwọn obìnrin tó ń ṣe gààrí. Mo lọ pe Jósẹ́fù ayàwòrán wá láti Ihunbọ. Onígbàgbọ́ ni. Mo jù ú lọ, Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Èmi kọ lẹ́tà, òun ya ojú. Bí mo bá ń kírun, á sọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sílẹ̀ kí ọ̀dà má baà ta sí mi láṣọ.

Wọ́n ní ká fi tapólì bo ògiri náà títí di ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí i, nítorí náà kò sẹ́ni tó rí ọwọ́ tó ń ṣe kí ni. Jósẹ́fù mú ìyá rẹ̀ wá sábẹ́ tapólì yẹn, ó fi í jókòó sórí àpótí fún ọjọ́ méjì. Ó yà á níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́, pẹ̀lú èjí ẹnu rẹ̀ àti àpá tó wà ní àgbọ̀n rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, Jósẹ́fù ò sí níbẹ̀. Ara ìyá rẹ̀ ò yá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló wà. Ọ̀gá kan láti ìjọba ìbílẹ̀ dúró níwájú obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́ yẹn, ó ní, "Alfa, ta ló ya èyí?"

Mo ní, "Èmi ni, sà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo ti kọ orúkọ mi nìkan sí ìsàlẹ̀ ògiri náà. Ẹ má sọ fún mi pé èṣù ni. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́, ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́.

Jósẹ́fù dé, ó rí i. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn fi tèmi kún un. Àyè ṣì wà níbẹ̀." Mo ní kó jẹ́ kí ariwo rọlẹ̀ ná. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe irú ẹ̀ ní Ayétòrò, ó lọ bá àwọn ọ̀gá ìjọba ìbílẹ̀ wa fúnra rẹ̀, ó ní òun lòun ya àwọn ojú náà. Ó ní kí wọ́n fún òun ní bébà kí òun ya ojú kan níṣojú wọn. Wọn ò fún un. Èmi ni wọ́n pè. Lójú rẹ̀ báyìí, mo ní, "Ó máa ń bá mi po ọ̀dà ni." Wọ́n ní kó jáde, kó yéé purọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti wà ní Kútọnu. Táìlì ló ń lẹ̀ níbẹ̀.

Alfa mi gbọ́ pé mo ya ojú èèyàn. Ó pè mí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, níwájú àwọn àgbà mọ́sálásí. Ó ní, "Ìwọ tí mo kọ́ yìí náà?" Mo dọ̀bálẹ̀. Mo tọrọ àforíjì fún ẹ̀ṣẹ̀ tí mi ò dá, kí èyí tí mo dá má baà hàn. Ó gbàdúrà fún mi, gbogbo wọn ṣe àmín. Bí mo bá rántí àmín yẹn, ó ń ṣe mí bíi kí n gbá ara mi létí.

Ẹ jọ̀ọ́, èyí tó kù ló burú jù. Ìyá Jósẹ́fù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ ọjà kan. Oníbàárà kan wà níbẹ̀ tó ń dúró de pátákó rẹ̀. Màmá kí wa, ó ní, "Alfa, obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́ lára ògiri yẹn, ta ni?"

Mo ní, "Kì í ṣe ẹnì kankan, Màmá. Mo kàn rò ó lọ́kàn ni."

"O ò mọ̀ ọ́n rí?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

Oníbàárà náà ní, "Ẹ ò rí nǹkan. Gbogbo ìyá tó bá ti ní èjí ní Yewa ló máa wá sọ pé òun ni wọ́n yà." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Màmá tún ìró rẹ̀ ró. Ó ní, "Ó dáa. Mo ti gbọ́." Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.

Lọ́dún yìí, omi òjò gba ẹ̀yìn ògiri náà wọ inú rẹ̀. Sìmẹ́ńtì ń wú, ọ̀dà ń ṣí. Àwọn lẹ́tà mi wà lókè níbi tí omi ò dé, kò sóhun tó ṣe wọ́n. Àwọn ojú náà ló ń lọ. Ẹyinjú kan lójú Màmá àti àgbọ̀n rẹ̀ ti já bọ́. Wọ́n ní bí mi ò bá tún un ṣe kí oṣù yìí tó parí, àwọn á fi ọ̀dà funfun kun gbogbo rẹ̀.

Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn, mo sọ òtítọ́. Ọ̀gá kan náà ló gbọ́ ọ. Ó ní, "Alfa, ta ló bi yín? Ẹ wá ẹnikẹ́ni kó bá yín yà á. Orúkọ yín ló wà nínú fáìlì."

Mo ní Jósẹ́fù ni kí wọ́n pè, kí wọ́n sì bẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Ká bẹ̀ ẹ́ kẹ̀? Nígbà tó wá sọ ọ́ fún wa, ta ló pè é ní òpùrọ́?"

Mo gbé ọ̀dà dúdú, mo lọ kọ orúkọ Jósẹ́fù sára ògiri ní ọ̀sán gangan. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti kùn ún pa. Tèmi ni wọ́n fi sílẹ̀. Mo bú wọn títí ó fi rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n irọ́ tí èmi kọ́ wọn ni wọ́n ń sọ. Mo pe Jósẹ́fù. Ó gbọ́ ohùn mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo wà lẹ́nu iṣẹ́," ó pa fóònù. Kò gbé e mọ́.

Alfa mi ṣì wà láàyè, mo dúpẹ́. Ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, níwájú àwọn tó ṣe àmín yẹn ni mo ti máa sọ ọ́. Ojú á tì mí. Kó tì mí. Ìyẹn kọ́ ni mo ń bi yín.

Jósẹ́fù ò ní gbọ́ tèmi. Ìyá rẹ̀ nìkan ló lè bá a sọ̀rọ̀. Bí Jósẹ́fù ò bá wá, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ máa parẹ́ kí oṣù yìí tó tán. Bí mo bá lọ sí Ihunbọ, màá ní láti bẹ ìyá náà pé kó pe ọmọ rẹ̀ wálé, kó wá tún ojú ìyá rẹ̀ yà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá, ẹ sọ fún mi: ṣé mo lẹ́nu láti bẹ̀ ẹ́, èmi tí mo wo ojú rẹ̀ tí mo ní mi ò mọ̀ ọ́n?