Àkùkọ Tí A Fi Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Kóòṣì

Àǹtí Sàdíátù, mi ò kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, mi ò sì ní kúnlẹ̀ kí i lọ́la, ẹ bá mi fi orúnkún mi sílẹ̀ jàre. Ẹ ní oníbàárà wa ni. Ẹ ní àgbà ni. Ẹ ní ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán kì í dúró ṣánṣán bí òpó iná níwájú ẹni tó wá gba aṣọ. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Kóòṣì Ọdẹ́wálé fi ojú ilé wa rí, kí ẹ tó sọ pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́.

Ṣebí ẹ mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi Mubarakah wà nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àwọn obìnrin nílé ẹ̀kọ́ gíga wọn? Ọdún kejì rèé, orí bẹ́ǹṣì ló sì ń gbé. Kò fìgbà kan ráhùn. Èmi ni mo máa ń ráhùn. Á so hìjáàbù rẹ̀ mọ́ ọrùn, á gbọ́wọ́ lé orúnkún, á máa wo àwọn tó wá bá wọn ṣeré: ta ni kò lè fi ọwọ́ òsì darí bọ́ọ̀lù, ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wúwo, ta ni inú ti ń bí. Tó bá wá ku díẹ̀ kí eré parí, tí nǹkan ti bàjẹ́ pátápátá, Kóòṣì á pariwo orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin náà ṣáà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn ará Ìwó wá. Àmì mọ́kànlá ni wọ́n fi ń nà wá kó tó wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́, ṣé wọ́n tún rí bọ́ọ̀lù mú? Àwọn ọlọ́kadà pa ẹ̀rọ wọn, wọ́n dúró lórí ìjókòó kí wọ́n lè rí i.

Àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ eré ni gbogbo ayé mọ̀. Gbémisọ́lá ló ń ṣáájú wọn, ọmọ onílé Kóòṣì. Tí ìyẹn bá sọ bọ́ọ̀lù nù, Kóòṣì á ju apá méjèèjì sókè bí ẹni tí agbọ́n ta, á tún fi í sílẹ̀ sínú pápá. Ẹni tí èèyàn ń gbé ilé bàbá rẹ̀, ta ló máa ní kó lọ jókòó?

Ẹ ní kí n rọra sọ̀rọ̀. Ó dáa.

Lóṣù tó kọjá, ó dédé pe ẹ̀gbọ́n mi, ó ní ìjókòó ti tó gẹ́ẹ́, òun ni yóò máa bẹ̀rẹ̀ eré báyìí, kí Gbémisọ́lá lọ sinmi lórí bẹ́ǹṣì. Àǹtí, ẹ ò bá wà nílé wa lọ́jọ́ yẹn. Ìyá wa forí kanlẹ̀ lórí ẹní ìkírun, wọn ò dìde bọ̀rọ̀. Bàbá wa kó iṣu bọ̀ láti oko Sekona. Wọ́n se mọ́ínmọ́ín, wọ́n fi ṣe sàráà fún àwọn ọmọ kéékèèké títí dé ìdí kànga. Èyí tó wá dùn mí jù ni ti àkùkọ. Ẹ mọ àkùkọ wa, èyí tí à ń pè ní Ládàánì torí pé òun ló ń jí gbogbo àdúgbò fún ìrun àsùbáà. Ìyá wa ń tọ́jú rẹ̀ de Ìtúnu Ààwẹ̀. Wọ́n ní rárá, ẹni tó gbé ọmọ ẹni ga, a kì í fi ẹnu lásán kí i. Ta ló gbé e lọ? Èmi Zulfah yìí náà ni. Mo fi àjákù aṣọ di ẹsẹ̀ rẹ̀, mo gun ọ̀kadà, mo kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Kóòṣì, mo ní ìyá wa ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ rí ìjákulẹ̀. Ó gbà á. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní a ò bá má ṣèyọnu. Àkùkọ náà ń wò mí.

Eré mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀. Mẹ́ta péré. Ó dá a padà sórí bẹ́ǹṣì, ó dá Gbémisọ́lá padà sínú pápá, àwa wá ń bi ara wa pé kí ni ọmọ wa ṣe.

Qúdrát tí òun àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ló rí lẹ́tà lórí tábìlì Kóòṣì, ó sì yà á sínú fóònù rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ní Ìbàdàn ló kọ ọ́, ó sì ti dé kí Kóòṣì tó gbé ẹ̀gbọ́n mi dìde. Wọ́n ní àwọn ti mọ àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ eré ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́, àwọn tó ń ti orí bẹ́ǹṣì wọlé ni àwọn ń wá báyìí. Kí kóòṣì kọ̀ọ̀kan fi orúkọ ẹni tó dára jù nínú wọn ránṣẹ́, ẹnì kan ṣoṣo, ẹni tó ti orí bẹ́ǹṣì wọlé nínú eré mẹ́ta tó kẹ́yìn kí orúkọ tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n á mú un lọ sí ibùdó wọn, tó bá sì mókè níbẹ̀, ó ti di ọmọ ẹgbẹ́ wọn nìyẹn. Ta ló wá wà lórí bẹ́ǹṣì nínú eré mẹ́ta yẹn? Orúkọ ta ni Kóòṣì kọ?

Ẹ ti gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Gbémisọ́lá ni.

Ọdún méjì gbáko ni ọmọ wa fi jókòó. Ìgbà kan ṣoṣo tí bẹ́ǹṣì máa wúlò fún un, ìgbà yẹn ni wọ́n gbé e dìde. Wọ́n ń jà wá lólè, à ń gbé àkùkọ fún wọn! Ẹ̀gbọ́n mi ò sunkún. Ó kàn wò mí, ó ní, "Zulfah, torí pé mo bẹ̀rẹ̀ ni mi ò fi lè lọ." Ó sì lọ fọ aṣọ eré rẹ̀. Ó ní kí n má sọ fún ìyá wa, wọn ò sì tíì gbọ́. Títí di àsùbáà òní, wọ́n ṣì dárúkọ Kóòṣì nínú àdúà wọn, mo wà lẹ́yìn wọn, mo ń ṣe àmín.

Ẹ wá ní kí n kúnlẹ̀.

Mi ò mọ̀wé, mo gbà, mo ti sá kúrò nílé ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó mọ ẹni tó fi ọ̀pọ̀lọ́ sínú báàgì tíṣà. Ṣùgbọ́n mo mọ abẹ́rẹ́, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Mi ò sì ní ṣẹ́ èpè fún un. Èpè máa ń pẹ́ jù lọ́nà.

Kí lẹ ń wò mí bẹ́ẹ̀ sí? Mi ò fi yèrèpè sí aṣọ rẹ̀. Mo rò ó, mi ò fi sí i. Jákẹ́ẹ̀tì tó wá gbà láàárọ̀, ẹ̀yin lẹ gbé e fún mi pé kí n rán orúkọ ẹgbẹ́ sí i lẹ́yìn. Mo rán an, ẹ rí i, ẹ ní ó dára. Ó dára lóòótọ́. Àmọ́ ìrépé aṣọ tí mo kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí, tí mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì yẹn, òwú kan ṣoṣo ló dì í mú. Tí èèyàn bá ń rìn jẹ́jẹ́, kò ní ṣe nǹkan kan. Àfi tó bá ju apá méjèèjì sókè. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀, òun ni mo rán gidi, ní ìlọ́po méjì, lẹ́tà pupa gàdàgbà: ÀKÙKỌ WA DÀ?

Ẹ jókòó, Àǹtí. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ eré láti aago mẹ́rin, ẹ ò lè bá a mọ́. Àwọn ará Ìbàdàn wà níbẹ̀, òní ni wọ́n wá mú Gbémisọ́lá. Wọ́n á kà á, wọ́n á béèrè pé àkùkọ wo. Gbogbo ọmọ àdúgbò wa ló wà létí pápá, kò sí èyí tí kò mọ Ládàánì, kò sí èyí tí kò mọ ìdí tí a fi gbé e lọ. Qúdrát sì wà lórí bẹ́ǹṣì, lẹ́tà yẹn wà nínú fóònù rẹ̀.

Ẹ gbọ́. Igbe tó ti pápá wá yẹn, Gbémisọ́lá ti sọ bọ́ọ̀lù nù nìyẹn. Ẹ dúró ná. Ẹ dúró...

Háà, ẹ gbọ́ ẹ̀rín! Gbogbo pápá! Àǹtí, kí lẹ wá fi ìbòrí bo ẹnu sí, ṣebí inú ń bí yín? Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀. Tó bá dé ẹnu ọ̀nà yìí, màá kúnlẹ̀ kí i, orúnkún méjèèjì, ojú yín ni yóò ṣe. Kó ṣáà kọ́kọ́ sọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi fún àwọn ará Ìbàdàn, kó sì gbé Ládàánì dání, tàbí egungun rẹ̀.