Ọmọ Tí Mo Sọ Di Òpùrọ́ Nítorí Ìdánwò

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lọ́kàn mi. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Tíṣà ni mí ní ilé-ìwé pírámárì ìjọba kékeré kan lẹ́bàá ọ̀sà ní Ìkòròdú. Ọmọ àwọn ayálégbé tó wá láti Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn yòókù jẹ́ ọmọ Ègùn apẹja, tí wọn kì í sọ Yorùbá nílé. Bí èsì ìdánwò wa bá ti burú, àwọn ọmọ Ègùn yìí la máa ń dá lẹ́bi. Ẹnu tèmi ló máa ń mú jù.

Lọ́dún kan, àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ní bí a bá tún gbẹ̀yìn, wọn yóò tú àwa tíṣà ká. Wọ́n ti ń dárúkọ abúlé kan lọ́nà Ẹ̀pẹ́ fún mi, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn mi. Ọ̀gá wa obìnrin wá pè mí, ó ní, "Mọ́mì Tọ́lá, ẹ mọ àwọn tó máa fà wá sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó sílé lọ́jọ́ náà."

Nígbà tí ìdánwò ìwọlé sẹ́kọ́ńdìrì ku ọ̀la, mo pe àwọn ọmọ kan lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní kò sí ilé-ìwé lọ́la. Sẹnami, ọmọbìnrin Ègùn kan, wà lára wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yẹn mọ ìṣirò ju gbogbo kíláàsì lọ, ìwé kíkà nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mi ò wo ìṣirò. Ilé tó ti wá ni mo wò.

Àwọn òbí yòókù kò bi wá. Ìyá Sẹnami nìkan ló fà á wá bá mi lọ́jọ́ kejì ìdánwò. "Àǹtí, ẹ dákun, ó ní ẹ̀yin lẹ ní kò sí ilé-ìwé. Ṣóòótọ́ ni?"

Ọ̀gá wa ń wò wá láti ojú fèrèsé. Mo ní, "Èmi kọ́ o. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

Sẹnami wò mí. Ìyá rẹ̀ nà án níbẹ̀, èmi náà sì ń sọ pé "Ó tó, ẹ fi sílẹ̀" bí èèyàn gidi.

Ìwé rẹ̀ parí síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní òun ò lè máa ṣe wàhálà lórí òpùrọ́. Ẹja ló ń yan báyìí ní Èbúté. Bó bá rí mi, á kúnlẹ̀: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Àǹtí." Mo ti ń gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Ọjọ́ yẹn ni mò ń sá fún.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti wà ní kíláàsì mi báyìí. Lọ́jọ́ Ajé, ìyá wọn tẹ̀lé e wá. Ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi mójú tó o. Mi ò fẹ́ kó purọ́ bíi ẹ̀gbọ́n rẹ̀." Sẹnami ló gbé báàgì ọmọ náà lẹ́yìn wọn. Ó gbọ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi.

Ìdánwò tún ti sún mọ́lé, ọ̀gá wa sì tún ti ń bi mí ta ni yóò jókòó sílé. Bí mo bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ, kí ni kí n sọ fún ìyá tí mo jẹ́ kó na olóòótọ́?