Èmi Ni Mo Pe Bàbá Mojí Lálẹ́ Ọjọ́ Tó Kọrin

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí kẹ́ ẹ tó bú mi. Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rèé tí mo ti gbé e sínú. Ọkọ mi ò mọ̀. Ìyá mi ò mọ̀ títí wọ́n fi kú. Èmi náà ì bá gbé e wọ sàréè, ṣùgbọ́n bàbá àgbàlagbà kan ti dá ọjọ́ fún mi, ọjọ́ náà ò sì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ mọ́.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé ìrònúpìwàdà ló gbé mi dé ibí. Inú ń bí mi. Ẹ̀rù sì ń bà mí.

Àwa mẹ́ta la jọ ń gbé yàrá kan ní Òṣíẹ̀lẹ̀ nígbà tá a jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́: èmi, Mojí àti Ràfíátù. Èmi àti Mojí ti mọra láti kékeré ní Ìbarà, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan náà la jọ ń lọ. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, èèyàn líle tí kì í rẹ́rìn-ín. Ilé ẹ̀kọ́ la ti pàdé Ràfíátù. Ọmọ aláró ni, àwọn èèyàn rẹ̀ ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Òun ló máa ń se oúnjẹ fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kì í sì í ráhùn.

Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ àwọn ọmọkùnrin kan tó ń kọ orin rọ́ọ̀kì. Mẹ́rin ni wọ́n. Inú gáréèjì kan ni wọ́n ti máa ń fi gìtá àti ìlù òyìnbó pariwo títí àwọn aládùúgbò á fi bínú. Dàpọ̀, tó ń ta gìtá, ni olórí wọn. Ó sọ fún mi pé àwọn ń wá obìnrin tó máa bá àwọn kọrin, pé àwọn fẹ́ ṣeré ní gbọ̀ngàn kan ní Ìbarà.

Oṣù méjì ni mo fi lọ bá wọn kọrin. Mo kọ ọ́ títí ohùn mi fi há. Lọ́jọ́ kan, mo ní kí Mojí sìn mí lọ kó má bàa dá jókòó sílé. Nígbà tá a débẹ̀, Dàpọ̀ ní kóun náà gba máíkì, kó dán an wò. Mojí ò kọ ju ìlà méjì lọ.

Dàpọ̀ yíjú sí mi. Ó ní, "Má bínú o. Ohùn tìẹ, ti ṣọ́ọ̀ṣì ni. Òun la máa mú."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Mojí náà rẹ́rìn-ín. Ó lè jẹ́ pé ojú ló ń tì í. Ó lè jẹ́ pé kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín, mo sì rí i.

Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n pè é bó ṣe jẹ́. Mo kórìíra ìrìn rẹ̀. Mo kórìíra bó ṣe máa ń fọ eyín láàárọ̀. Síbẹ̀, à ń jẹun nínú abọ́ kan náà. Nígbà tó ní kí n yá òun ní jákẹ́ẹ̀tì dúdú mi, pé òun fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ eré, mo yá a. Mo tún bá a nu eruku ara rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ gbọ́ rárá. Lójú tiwọn, orin Sàtánì ni rọ́ọ̀kì. Ilé wọn ò sì ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí gbọ̀ngàn yẹn. Mojí ní ká má mikàn, pé tí Dádì bá ti ti ìpàdé ìjọ dé, oorun ló kù.

Gbọ̀ngàn náà kún fọ́fọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ooru mú, èéfín bo iwájú pèpéle, sípíkà sì ń dún débi pé mo ń gbọ́ ọ nínú egungun àyà mi. Àwọn ọ̀dọ́ ń fò, wọ́n ń ju orí síwájú sẹ́yìn. Ràfíátù ò gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ rí, àfi bíi pé wọ́n tú u sílẹ̀ nínú àhámọ́. Ó sọ báàgì rẹ̀ sí mi lọ́wọ́, ó ní, "Bá mi dì í mú, mo fẹ́ fò!" Ló bá wọ àárín èrò lọ.

Ìgbà yẹn ni Mojí jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ó mọ orin í kọ. Mi ò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó figbe ta, gbogbo ilé figbe dá a lóhùn. Dàpọ̀ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ tòun ti gìtá. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ń pe orúkọ rẹ̀. Èmi dúró ti ògiri pẹ̀lú báàgì ẹlòmíì lápá.

Mo ṣí báàgì náà. Fóònù Ràfíátù wà níbẹ̀. Ìgbàkígbà tí fóònù Mojí bá ti kú, tìyẹn ló fi máa ń pe ilé, nítorí náà nọ́ńbà bàbá rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Mo gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde.

Mo ní, "Ẹ kú alẹ́, sà. Ọmọ yín ń kọrin Sàtánì níbí o, ní gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ àdúgbò yín. Ọkùnrin ti kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yára, ẹ máa bá a níbẹ̀."

Wọ́n bi mí pé, "Ta nìyí?"

Mo pa fóònù, mo dá a padà sínú báàgì, mo sì padà síbi tí mo dúró sí. Ràfíátù dé lẹ́yìn orin kan, òógùn bò ó, ó gba báàgì rẹ̀, ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Bàbá Mojí dé tàwọn ti ṣòkòtò ìsùn àti sálúbàtà. Wọ́n gun orí pèpéle lọ tààrà. Mojí ò tètè rí wọn, ó ti dijú. Wọ́n gbá a létí lẹ́ẹ̀mejì. Máíkì wà lẹ́nu rẹ̀, torí náà inú sípíkà ni gbogbo wa ti gbọ́ ìgbátí náà. Gìtá dákẹ́, ìlù dákẹ́. Lẹ́yìn náà làwọn kan bú sẹ́rìn-ín, tí fóònù sì gba òkè lọ, tí wọ́n ń yà á. Bàbá rẹ̀ wọ́ ọ sọ̀ kalẹ̀ ní kọ́là jákẹ́ẹ̀tì mi. Ẹ̀jẹ̀ ń dà ní imú rẹ̀.

Ẹ má bi mí bóyá ó dùn mí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò dùn mí.

Bàbá rẹ̀ yọ ọ́ nílé ẹ̀kọ́ fún odidi ọdún kan. Lọ́jọ́ kẹta, Mojí wá kó ẹrù rẹ̀. Ó ti rí nọ́ńbà tó pe bàbá rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ọrùn Ràfíátù ló fò mọ́.

"Júdáásì! Kí ni mo ṣe fún ẹ? Kí ni mo gbà lọ́wọ́ ẹ?"

Ó ya ẹ̀wù mọ́ ọn lára, ó fi èékánná ha á lójú. Ràfíátù ń fi Ọlọ́run àti Kùránì búra. Àwọn ará ilé kún ẹnu ọ̀nà. Ràfíátù wá yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ ni báàgì mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Sọ òótọ́ fún wọn."

Gbogbo wọn wò mí. Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí gan-an lẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Ti orí fóònù, mo lè ní ìbínú ló fà á. Èyí, mo rò ó kí n tó sọ ọ́.

Mo ní, "Mo ti dá báàgì rẹ padà fún ẹ kí Mojí tó jáde. Mo rí ẹ nígbà tó o mú fóònù bọ́ síta."

Ràfíátù fi ọwọ́ di ẹ̀wù rẹ̀ tó ya mú. Ó kàn ń wò mí. Ó ti mọ̀ pé èmi ni láti ìgbà náà.

Ojú rẹ̀ rí nǹkan lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n fi èédú kọ "Júdáásì" sára ilẹ̀kùn wa. Kò sẹ́ni tó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ ìjọ wa ní ṣebí kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa, kí la rò tẹ́lẹ̀. Mo gbọ́, mi ò fọhùn. Kí sáà yẹn tó parí ló ti kó lọ, kò sì padà sílé ẹ̀kọ́ mọ́. Àdìrẹ ló ń ta báyìí.

Mojí padà sílé ẹ̀kọ́, ó ṣe tán, ó lọ́kọ. Èmi ló wá sọ di ọ̀rẹ́ tó kù fún un. Èmi ni ìyá ìsàmì àkọ́bí rẹ̀. Tí wọ́n bá ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, á ṣí ìwé orin, á pa ẹnu dé. Ìkórìíra mi ti tán. Mi ò mọ ìgbà tó tán. Èyí tó kù, ara mi ni mo ń kórìíra.

Lọ́dún yìí, àìsàn dá bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀. Mojí ní kí n máa bá òun pè wọ́n nírọ̀lẹ́, kí n rán wọn létí oògùn wọn. Èmi àti bàbá náà kì í sọ̀rọ̀ lórí fóònù tẹ́lẹ̀, ojúkojú la ti máa ń kíra. Lọ́jọ́ kẹta tí mo pè, wọ́n ní kí n tún ọ̀rọ̀ mi sọ. Wọ́n wá ní, "Ìwọ ni. Ìwọ lo pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn."

Inú bí mi, mo ní, "Ẹ̀yin lẹ gbá a létí, sà. Èmi ò fọwọ́ kàn án."

Wọ́n ní, "Òótọ́ ni. Mo ti dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí mo bí nítorí ẹ̀. Ìwọ ńkọ́? Ọmọ aláró yẹn ńkọ́?" Wọ́n ní tí n ò bá sọ fún Mojí nínú yàrá rẹ̀, ní jẹ́jẹ́, kí ìdúpẹ́ ọgọ́rin ọdún àwọn tó wáyé ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, àwọn á sọ ọ́ fúnra àwọn.

Mo lọ bá Ràfíátù ní Ìtòkú. Mo kúnlẹ̀ láàárín aṣọ, mo sọ ohun tí bàbá Mojí ní kí n ṣe. Kò sunkún, kò pariwo. Aṣọ ló ń ká.

Ó ní, "Dìde, o ń dí oníbàárà mi lọ́nà. Ojú gbogbo èèyàn lo ti purọ́ mọ́ mi. Ojú gbogbo èèyàn náà ni kó o ti sọ òótọ́. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ yẹn, nínú ṣọ́ọ̀ṣì yín. Èmi á wá jókòó síbẹ̀. Tó bá jẹ́ inú yàrá lo ti sọ ọ́, má tún dé ìsọ̀ mi mọ́."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí. Tí mo bá sọ ọ́ nínú yàrá, Mojí nìkan ló máa gbọ́, orúkọ Ràfíátù á sì máa wà nínú ẹrẹ̀ lọ́hùn-ún. Tí mo bá sọ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí mo máa dójú ti Mojí láwùjọ, lójú ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀, lọ́jọ́ ayọ̀ bàbá rẹ̀. Ọkọ tèmi náà á jókòó síbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú àwọn méjèèjì? Ẹ bú mi tó bá wù yín, ó tọ́ sí mi, ṣùgbọ́n ẹ gbà mí nímọ̀ràn lẹ́yìn èébú. Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ má sọ fún mi, pé kí n dákẹ́. Mo ti dákẹ́ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.