Epo Kún, Ọkọ̀ Dúró

Mo fi Ọba tí ẹ̀mí mi wà lọ́wọ́ rẹ̀ búra fún yín, ẹ̀yin jamáà: ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe àlọ́. Ẹnu ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ni mo ti gbọ́ ọ, nígbà tí kò sí èrè kankan tó lè rí jẹ nínú irọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ àmánà ni a ó sọ lónìí. Àmánà, ohun tí wọ́n fi sí ọ lọ́wọ́ tí kì í ṣe tìẹ. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ wà lábẹ́ igi lọ́hùn-ún, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì yín ná. Ẹ̀yin ará wa onígbàgbọ́ tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ súnmọ́ wa, ọ̀rọ̀ náà kàn yín. Ẹni tó bá fẹ́ sùn, kó lọ sùn nílé.

Ìlú kan wà ní apá Òkè-Ògùn, Aláfàrà lórúkọ rẹ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba jìnnà sí wọn, òkè sì pọ̀ lọ́nà. Ọmọ ìlú náà kan tó ń ṣòwò ní Kàdúná wá fi ọkọ̀ kan ta mọ́ṣáláṣí lọ́rẹ, ó ní kí wọ́n máa fi gbé aláìsàn. Tókunbọ̀ àtijọ́ ni, ọtomátíìkì, irú èyí tí ń yan jíà fúnra rẹ̀. Ta ni yóò wá máa ra epo sí i? Àwọn ará Aláfàrà ní ìyẹn kò le. Ní ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, ilé kọ̀ọ̀kan a gbé ìgò epo bẹntiróò tirẹ̀ wá, wọn a dà á sínú dúrọ́ọ̀mù kan lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Ìmàle ń dà á, onígbàgbọ́ ń dà á, nítorí ibà kì í béèrè ẹ̀sìn kó tó wọlé.

Kúránga ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà. Lọ́rì ló fi ìgbà èwe rẹ̀ wà lọ sókè Ọya, tó ń kó màlúù bọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn. Kí kọ́kọ́rọ́ yẹn tó bọ́ sí i lọ́wọ́, abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń jókòó sí, tó ń lé ewúrẹ́. Ìgbà tó bọ́ sí i lọ́wọ́, ìlú tún bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Bàbá Awakọ̀. Ó máa ń so ó mọ́ okùn ṣòkòtò rẹ̀ bó bá ń sùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin náà dàgbà ná.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ń mu epo. Kí ọ̀sẹ̀ tó dé ìdajì, ẹni tó bá fi ìka kan dúrọ́ọ̀mù yóò gbọ́ tó ń dún bí àdó òfìfo. Ni Nọ́íbì, igbákejì Lèmọ́mù, bá wá bá Kúránga.

“Bàbá Awakọ̀, ẹ má bínú o. Ṣé ọkọ̀ yìí ń mu epo ni, àbí ó ń fi wẹ̀?”

“Ọkọ̀ àgbà ni, Nọ́íbì. Àgbà a máa mu.”

“Jamáà ti ń kùn. Wọ́n ní bí dúrọ́ọ̀mù bá tún gbẹ kí Jímọ̀ tó dé, ká gba kọ́kọ́rọ́, ká gbé e fún ọmọ Akéèbù.”

“Ọmọ Akéèbù? Èyí tó fi ọkọ̀ wó ilé ìdáná ìyá rẹ̀?”

“Òun náà ni. Ó ní òun ti ronú pìwà dà.”

Kúránga kò fẹnu kan ọbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ilẹ̀ mọ́, ó wa ọkọ̀ lọ bá Wákílù mẹkáníìkì. Wákílù ṣí búùtù. Kí ni kò sí níbẹ̀? Ṣéènì tí wọ́n fi ń so màlúù, jáàkì lọ́rì, ìdajì àpò sìmẹ́ńtì tó ti di òkúta.

“Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kọ́lé sínú ọkọ̀ ni? Ẹrù yìí ń mu epo ju yín lọ. Ẹ kó o sílẹ̀.”

Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí àwọn táyà, nítorí wọ́n ti rọ̀ bí àkàrà àná. Ó yọ asẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, erùpẹ̀ inú rẹ̀ tó gbin ẹ̀fọ́. Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ó wá na ìka sí iná kékeré kan tó ń tàn níwájú awakọ̀, ó ní ṣé Bàbá ń rí ìyẹn? Kúránga ní òun rò pé ẹwà ni. Wákílù tẹ bọ́tìnnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ jíà, iná náà kú. Ó ní ìyẹn ni kò ti jẹ́ kí ọkọ̀ bọ́ sí jíà tó ga jù. Láti ọjọ́ yìí ló ti ń fi ìṣísẹ̀ kéékèèké sáré bí ẹni tí wọ́n so lẹ́sẹ̀.

“Ẹ má sì máa tẹ tọ́rọ́ọ̀tù bí ẹni ń pa àkeekèé mọ́. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Ó wá ku ohun kan, torí mo mọ ẹ̀yin awakọ̀ lọ́rì. Ẹ má fi í sí fíríì, níbi tí jíà kì í ti í mú táyà, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ má sì pa ẹ́ńjìnnì níbẹ̀ láéláé. Ẹ́ńjìnnì ló ń fa òróró fún jíà yìí. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú tí táyà ṣì ń yí, ṣe ni jíà ń fi ara gbígbẹ lọ ara rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú jíà, kí ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́ọ̀tù. Epo tí yóò mu kò ní tó nǹkan.”

Kúránga ní, “Mo gbọ́.”

Ẹ̀yin jamáà, ṣé ẹni tó ní òun gbọ́ ti ní òun gbà?

Ó gba ìyókù ṣá. Nígbà tí Jímọ̀ dé, wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀mù, epo ṣì wà nínú rẹ̀. Lèmọ́mù dìde lẹ́yìn ìrun, ó ní kí wọ́n wo Bàbá Awakọ̀, ẹni tó mọ̀ pé àpà kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni àfi Ṣàìtánì. Gbogbo mọ́ṣáláṣí ṣe “Allahu Akbar”. Ládàánì ìlú náà, Búráímọ̀, tí òun àti Kúránga jọ da ewúrẹ́ nígbà ọmọdé, ló lóhùn jù.

“Kúránga! Ìwọ tó máa ń bu ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì! Ìwọ náà lo wá di ẹni tí kì í fi nǹkan ṣòfò?”

“Pe ìrun rẹ, jẹ́ n wa ọkọ̀ mi.”

Ìyìn wọ Kúránga lára. Ìyìn kì í sì í wọni lára kó má béèrè sí i. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló dúró, èmi náà ìbá ti jókòó báyìí. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ kí epo Jímọ̀ tó ń bọ̀ ju ti èyí tó kọjá. Obìnrin kan tí àyà ń fún, tí ilé rẹ̀ wà lórí àpáta, Kúránga ní kó rọra sọ̀ kalẹ̀ wá bá ọkọ̀ nísàlẹ̀, pé gígun àpáta yẹn ń jẹ epo. Obìnrin náà fi ìdí wọ́ wá. Ta ni wọ́n dá epo náà fún? Ẹ dá mi lóhùn! Ṣé dúrọ́ọ̀mù ń ṣàìsàn ni?

Níbi tó ti ń wá ohun tí yóò tún gé kù ni ó ti rántí sàárà òkè. Báyìí ni àwọn awakọ̀ lọ́rì ayé ìjọ́sí ṣe ń pè é: gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n bá fi sí fíríì lórí rẹ̀, tí ọkọ̀ ń fi ọ̀fẹ́ yí lọ. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ńlá kan wà lọ́nà ilé ìwòsàn, Òkè Apáàdì. Kúránga dé orí rẹ̀, ó fi í sí fíríì, kò sì sóhun tó ṣe é. Nígbà tó yá, ó ń pa ẹ́ńjìnnì pátápátá, ó kàn ń gbọ́ afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lára gíláàsì. Ó ní ó dùn mọ́ òun bí ẹni ń gba àlùbáríkà. Bíréèkì le koko bí òkúta ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ọkọ̀ wúwo, ṣùgbọ́n ẹni tó ti wa lọ́rì màlúù kò ka ìyẹn sí.

Jíà kà á sí. Bí Kúránga bá fi í sí iwájú, jíà yóò kọ́kọ́ ronú kó tó gbà. Òórùn kan sì ń jáde, bí ẹ̀wà tó jóná. Búráímọ̀ wọ ọkọ̀ náà lọ́jọ́ kan, ó fa imú.

“Kúránga, kí ló ń jóná nínú ọkọ̀ rẹ?”

“Imú rẹ ni.”

Kúránga fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo òróró jíà yọ, ó rí i pé ó ti dúdú. Ó nu ún, ó dá a padà. Ó mọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: ó mọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá sọ fún Wákílù, Wákílù yóò sọ fún Nọ́íbì, Nọ́íbì yóò gba kọ́kọ́rọ́. Ó ní kí ọdún Iléyá kọjá ná.

Iléyá ò tíì dé tí paramọ́lẹ̀ fi bu Búráímọ̀ jẹ nínú ebè iṣu. Ọ̀sán gangan ni. Wọ́n fi ọ̀kadà gbé e wá sílé Kúránga, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú bí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀. Móríámọ̀ ìyàwó rẹ̀ kó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ lé itan. Ilé ìwòsàn ní oògùn ejò. Ohun tó kù ò ju ká débẹ̀ lọ.

Ọkùnrin náà ṣì ń ṣàwàdà. “Ejò yìí ò ní sùúrù. Ìbá jẹ́ kí n pe Àlàásárì ná.”

“Dákẹ́, fi èémí rẹ pamọ́,” ni Móríámọ̀ wí.

Kúránga sáré. Ó rọra tẹ tọ́rọ́ọ̀tù níbi tó yẹ, ó tẹ̀ ẹ́ gan-an níbi tó yẹ. Wọ́n dé orí Òkè Apáàdì. Ó búra fún mi pé òun kò rò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ló lọ fúnra rẹ̀, bí ọwọ́ ṣe máa ń lọ síbi tó bá ti mọ́ ọn lára. Fíríì. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì kú. Ọkọ̀ ń yí lọ, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, títí dé ìsàlẹ̀, níbi tí ọ̀nà ti tún gbé orí sókè.

Ó ṣáná sí i. Ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ó fi jíà sí iwájú. Ọkọ̀ ò lọ. Ó fi sí ẹ̀yìn. Ọkọ̀ ò lọ. Ó tẹ tọ́rọ́ọ̀tù mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì ké bí ẹran iléyá, táyà ò mira.

“Bàbá Awakọ̀, kí ló dé tá a dúró?”

“Ó ń bọ̀, Móríámọ̀. Ó ń bọ̀.”

Ó bọ́ sílẹ̀, ó fi èjìká tì í. Obìnrin náà bọ́ sílẹ̀, ó bá a tì í. Arúgbó méjì àti òkè! Ọjọ́ ọjà ni, gbogbo ọ̀kadà ojú ọ̀nà yẹn ti lọ sọ́jà. Tírélà kan kọjá, ó fọn fèrè, kò dúró. Móríámọ̀ padà sẹ́yìn ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka kálímọ̀, ọ̀rọ̀ tí Ìmàle ń fẹ́ fi kú, sí ọkọ rẹ̀ létí. Kúránga wá sójú fèrèsé, òógùn bò ó. Ètè Búráímọ̀ ti wú, ohùn rẹ̀ ti ki. Ó wo Kúránga.

“Kúránga,” ó ní, “ṣé epo ti tán ni?”

Kúránga wo iwájú ọkọ̀. Ọwọ́ tó ń fi ìwọ̀n epo hàn dúró síbi tó kún. Nígbà tí ọkọ̀ oníṣu kan fi wá gbé wọn, Búráímọ̀ ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́. Dókítà wò ó, ó ní oògùn wà nílẹ̀, àwọn ni wọ́n pẹ́.

Wọ́n sin ín. Lẹ́yìn jánásà, Kúránga tú kọ́kọ́rọ́ kúrò lára okùn ṣòkòtò rẹ̀, ó gbé e síwájú Nọ́íbì.

Nọ́íbì ní, “Bàbá, kádàrá ni.”

“Má fi kádàrá bò mí láṣọ,” ni Kúránga wí, lójú gbogbo ènìyàn. “Wọ́n kìlọ̀ fún mi. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀, mo dákẹ́. Èmi ni mo pa ẹ́ńjìnnì.”

Ẹ̀yin jamáà, ọjọ́ kì í yẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a ó bi ẹni tí àmánà wà lọ́wọ́ rẹ̀ léèrè. Kì í ṣe haráàmù láti ṣọ́ epo. Ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà yín, ẹ kó pàǹtí kúrò nínú búùtù yín, ẹ má fi ìwàǹwára wakọ̀, ìnákúnàá burú. Àlùkùránì sọ̀rọ̀ àwọn ẹrú Ọlọ́run pé bí wọ́n bá ń ná, wọn kì í ṣe àpà, wọn kì í sì í háwọ́, àárín ni wọ́n ń tọ̀. Kúránga kúrò nínú àpà, ó dúró díẹ̀ láàárín, ó kọjá lọ. Wọn kò dá epo fún un kó lè pọ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù. Wọ́n dá a kí aláìsàn lè dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ìwọ akápò ẹgbẹ́, ìwọ tí ilé ọmọ òrukàn wà lọ́wọ́ rẹ, ìwọ tí wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ ilé omi fún: kí ni wọ́n torí rẹ̀ gbé e fún ọ? Bí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ bá sì ti ń jóná, sọ ọ́ jáde lónìí. Jẹ́ kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ kéré.

Ọlọ́run Ọba, fi ọ̀nà mọ̀ wá. Má ṣe jẹ́ kí ìyìn ènìyàn fọ́ wa lójú sí ohun tí o fi rán wa. Fún ahọ́n wa lágbára láti jẹ́wọ́ kí ó tó pẹ́. Forí jin ẹni tó lọ, forí jin ẹni tó ṣẹ́kù. Àmín.

Ládàánì ni Búráímọ̀. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi pe orúkọ Ọlọ́run sétí ìlú. Ọlọ́run ló mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Ohun tó fi ẹnu sọ kẹ́yìn nìyí:

“Kúránga, ṣé epo ti tán ni?”