Ọ̀pá Gíláàsì Bàbá Akin, àti Ẹja Tí Mo Dá Padà Sómi

Nígbà tí mo ṣì ní agbára ọ̀dọ́... ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti lé lọ́gọ́ta nígbà tí mò ń wí yìí. Ṣùgbọ́n lójú èmi tí mo jókòó síbí lónìí, tí orúnkún ń dùn mí kí òjò tó rọ̀, ọ̀dọ́ ni ẹni ọgọ́ta ọdún. Ẹ jẹ́ n pè é bẹ́ẹ̀. Tèmítọ́pẹ́, ṣé fóònù yẹn ń gbọ́ mi? Ó dáa. Dámilọ́lá, fi oúnjẹ yẹn sílẹ̀ ná kí o gbọ́. Torí wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún yín ní ìsọkúsọ. Wọ́n ní ìyá yín àgbà bọ odò rí, ní Maryland níbí. Hìn-ín. Ẹ wá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó bọ odò.

Bàbá yín àgbà, Bàbá Akin, òun ló kọ́kọ́ dé ìlú yìí. Ìwé ló wá kà, láyé ìgbà tí gbogbo àwa Yorùbá tó wà ní àgbègbè yìí ò tíì kún bọ́ọ̀sì kan. Riverdale Park la gbé. Sátidé kan, aládùúgbò wa kó ẹrù ilé rẹ̀ síta, ó ń tà á ní pọ́ọ́kú. Mo ní kí ọkọ mi lọ bá mi wo ìkòkò níbẹ̀. Ó lọ, ó pẹ́, ó wá padà dé pẹ̀lú ọ̀pá ìpẹja. Ìkòkò dà? Kò rí ìkòkò.

Ọ̀pá náà rèé lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ wò ó. Àwọ̀ oyin. Fáíbà ni wọ́n fi ṣe é, gíláàsì tí wọ́n fà bí òwú, tí wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀. Ó ti gbó kí bàbá yín tó rà á. Ó wúwo díẹ̀, ó sì rọ̀. Bẹ́ ẹ bá jù ú, á kọ́kọ́ tẹ̀ sẹ́yìn, á rò ó lọ, á rò ó bọ̀, kó tó wá síwájú. Ẹ gbọ́, a kì í fi ekòló sí i o. Ìyẹ́ adìẹ àti òwú ni wọ́n so mọ́ ìwọ̀, títí tó fi jọ eṣinṣin tàbí àkèré kékeré. Ìyẹn ò wúwo rárá. Okùn ló wúwo. Okùn gan-an là ń jù, eṣinṣin náà kàn ń tẹ̀ lé e ni.

Ẹ̀yìnkùlé ni bàbá yín ti kọ́ mi, lórí koríko, láìsí omi, láìsí ẹja. Á dúró lẹ́yìn mi. "Ìyá Akin, má kánjú. Jẹ́ kó lọ sẹ́yìn tán." Mo bá tún kánjú. Okùn á wé mọ́ mi lọ́rùn. "Mo ní kó o jẹ́ kó lọ tán. O ò gbọ́. Ṣé ẹnì kan ń lé ẹ ni?" Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bàbá yín ò pa òwe yẹn rí. Ó kàn ń bi mí ṣé ẹnì kan ń lé mi.

Ẹja báàsì àkọ́kọ́ tí mo rí tí bàbá yín àgbà mú, ó gùn tó apá mi láti ìgúnpá dé ọwọ́. Ẹnu gbàràgàdà. Mo ti ń ro iye ata tí mo máa lọ̀. Àfi bí mo ṣe rí i tí ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sétí omi, ó yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹja, ó dì í mú jẹ́jẹ́ nínú omi títí ara rẹ̀ fi balẹ̀. Ó ní, "Máa lọ, bàbá ọlọ́mọ. Ilé ń retí ẹ." Ó bá fi í sílẹ̀.

Mo ní, "Bàbá Akin, ṣé ara yín dá?"

Ó ní kí n jókòó. Ó ní lásìkò tí igi bá ń rúwé báyìí, ìyá báàsì á yé ẹyin sílẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Bàbá ló ń dúró. Ìrù ló fi ń gbálẹ̀ ibi tí ẹyin wà. Kì í lọ jẹun. Ohunkóhun tó bá sún mọ́ ibẹ̀, á bù ú jẹ, kì í ṣe torí ebi, torí àwọn ọmọ ni. Ó ní, "Ẹni tó dúró ti ọmọ rẹ̀, èmi ò lè sè é." Ẹ rántí pé bàbá tirẹ̀ kú kí òun tó mọ ìrìn. Mi ò jiyàn mọ́. Ọbẹ̀ ẹran la jẹ lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn tí a wọ ọdún 2000, bàbá yín àgbà kú. Akin, bàbá ẹ̀yin méjèèjì, ní mi ò gbọdọ̀ dá gbé, ó kó mi wá sí Springdale níbí. Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó ń palẹ̀ bésímẹ́ǹtì, yàrá abẹ́ ilé, mọ́ ní Riverdale, mo rí ọ̀pá yìí nídìí agolo ìdọ̀tí lójú títì. Mo lọ mú un. Ó ní, "Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Mo ní mo fẹ́ fi pẹja. Ó rò pé mò ń ṣe àwàdà.

Ṣé ẹ mọ adágún omi tó wà nísàlẹ̀ ọ̀hún, níbi tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ máa ń pọ̀ sí? Mo gba láísẹ́ǹsì, ìwé àṣẹ ìpẹja, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Mo máa ń fi ìborùn funfun borí nítorí òtútù. Mo máa ń mú báàsì. Mo sì ń ṣe é bí bàbá yín àgbà ṣe ń ṣe é. Mo ń bẹ̀rẹ̀, mo ń dì í mú nínú omi, mo ń sọ ohun tí ọkọ mi máa ń sọ fún un. Fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú yẹn, ilé mi kò ṣófo. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Kò ṣófo.

Àṣé Sìsítà Fẹlí ń wò mí. Dókítà ló ní kó máa rìn láàárọ̀, etí omi yẹn ló ń gbà. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ, ní Landover, ilé ìkẹ́rùsí kan tí a fi kápẹ́ẹ̀tì pupa bo sìmẹ́ǹtì rẹ̀. Èmi ni Màmá Ẹgbẹ́ Obìnrin nígbà náà. Wọ́n sì fẹ́ fi Akin joyè díákónì. Ni Sìsítà bá lọ sọ níbi àdúrà pé, "Mọ́mì ń wọ funfun lọ sétí omi ní kùtùkùtù. Wọ́n ń mú ẹja, wọ́n ń pọfọ̀ sí i, wọ́n ń dá a padà."

Ẹ gbọ́, òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, àfi ọfọ̀. Mi ò sì bínú sí i púpọ̀. Yorùbá wo lẹ rí tó mú ẹja tó sanra, tó dá a padà sódò? Bí kì í bá ṣe ẹbọ, kí ni? Bí wọ́n ṣe rò ó nìyẹn. Ẹnu ayé lẹbọ, wọ́n ti ń wí i kí wọ́n tó bí mi.

Akin wọlé wá bá mi nírọ̀lẹ́. Ó jókòó sórí ibùsùn mi, kò wò mí lójú. "Mọ́mì, Pásítọ̀ ní kí ẹ gbé ọ̀pá yẹn wá lọ́jọ́ ìsinmi. Wọ́n á gbàdúrà fún yín, wọ́n á ṣẹ́ ẹ, wọ́n á jó o. Ọ̀rọ̀ á tán."

Mo ní, "Ìwọ ńkọ́, kí lo sọ?"

"Ọ̀pá lásán ni, Mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́. Nítorí oyè mi."

Inú mi bà jẹ́ o. Kì í ṣe nítorí Pásítọ̀. Ọmọ bíbí inú mi ò bi mí pé, Mọ́mì, kí lẹ máa ń bá ẹja sọ? Kò sẹ́ni tó bi mí. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n tán. Ṣé èmi ni kí n wá máa gbé ọ̀rọ̀ ọkọ mi kiri bí ẹni tó ń polówó? Mo ní, "Sọ fún Pásítọ̀ pé mi ò gbé nǹkan kan bọ̀. Kí wọ́n wá sétí omi lọ́jọ́ Sátidé. Kí Sìsítà náà wá. Kí wọ́n wá fojú ara wọn rí ẹbọ."

Wọ́n wá. Pásítọ̀ mú ìgò òróró dání. Sìsítà dúró jìnnà sí omi, bóyá kó má baà fà á wọlé. Akin dúró ti mọ́tò. Mo ní, "Pásítọ̀, àwọn apẹja ni Olúwa kọ́kọ́ pè, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Sìsítà dá mi lóhùn láti ọ̀ọ́kán. "Mọ́mì, àwọn yẹn ò dá ẹja padà."

Ó bá mi níbẹ̀. Mo dojú kọ omi.

Mo jù ú. Kò sí nǹkan kan. Wọ́n ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀. Mo tún jù ú. Pásítọ̀, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, etí ọ̀sà ló dàgbà sí, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ n wò ó." Mo gbé e fún un. Ó kánjú bí èèyàn tó ń lé eṣinṣin lára ẹran, ìwọ̀ bá kọ́ ọ lápá kóòtù. Èmi ni mo yọ ọ́ fún un. Mo gba ọ̀pá mi padà, mo jẹ́ kó lọ sẹ́yìn tán, mo bá jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kan tó wó sómi. Báàsì gbé e. Ọ̀pá yìí tẹ̀ kọdọrọ. Pásítọ̀ gbàgbé òróró, ó ń wí pé, "Ẹ rọra, Mọ́mì, ẹ rọra, ẹ má jẹ́ kó wọ abẹ́ igi."

Mo fà á wá sétí omi. Ẹja ńlá. Ìrù rẹ̀ ti bó, ó ti fi gbálẹ̀ títí.

Pásítọ̀ wá lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ gbé eléyìí relé. Ẹ sè é. Ẹ bu abọ́ kan fún Sìsítà. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ọ̀rọ̀ parí síbí. Oyè Akin ń bẹ, ipò yín ń bẹ, ọ̀pá yín ń bẹ."

Ẹ ò rí i pé ó rọrùn? Ọbẹ̀ ẹja kan ṣoṣo. Ta ni ò ní gbà?

Èmi ò gbà. Mo yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, mo dì í mú nínú omi tútù yẹn, mo sì gbé ohùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́ ọfọ̀ náà yékéyéké. Mo ní, "Máa lọ, bàbá ọlọ́mọ. Ilé ń retí ẹ."

Ó lọ.

Sìsítà ní, "Ẹ ẹ̀ gbọ́ ọ?" Ṣùgbọ́n Akin ti ń bọ̀ láti ìdí mọ́tò. Ó ń rìn wọ inú ẹrẹ̀ tòun ti bàtà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Omijé ti bo ojú ẹ̀. Ó ní, "Dádì ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Pásítọ̀, Dádì mi ni. Èjìká wọn ni mo máa ń wà ní kékeré tí wọ́n bá ń sọ ọ́." Ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi, ó dì í mọ́yà. Ó ní, "Ẹ dá oyè yẹn dúró ná, sà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣẹ́ ọ̀pá yìí, kó wá gbà á lọ́wọ́ mi."

Pásítọ̀ ti ìgò rẹ̀ bọ àpò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ.

Ẹ má rò pé wọ́n wá pàtẹ́wọ́ fún wa. Wọ́n fi ẹlòmíì ṣe Màmá Ẹgbẹ́. Akin ò ṣe díákónì títí di òní, ó sì ń sùn dáadáa. Wọ́n retí pé màá bá ìtìjú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì míì. Lọ síbo? Mo wà níbẹ̀, ìlà ẹ̀yìn, mo sì ń kọrin ju àwọn tó wà níwájú lọ. Sìsítà ń kí mi. Mo ń dá a lóhùn.

Ayé ìsinsìnyí, gbogbo nǹkan ti di kíákíá. Akin ra ọ̀pá tuntun fún mi nígbà kan, oníkábọ́ọ̀nù, ó fúyẹ́, ó le gan-an, ó ń yára bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Mo dúpẹ́. Mo fi ti tòmátì mi ní ẹ̀yìnkùlé. Kò sí tòmátì tó dúró ṣánṣán tó tèmi ní Springdale yìí.

Ẹ̀yin ọmọ, wọn á ní kí ẹ mú nǹkan yín wá kí àwọn ṣẹ́ ẹ. Ẹ̀yin náà á rí i. Wọn á fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, wọn á gbé oúnjẹ tì í. Ẹ bi wọ́n ná pé kí ni wọ́n gbọ́ lẹ́nu yín. Bí wọn ò bá lè sọ ọ́, ẹ di nǹkan yín mú.

Ó tó. Pa fóònù yẹn, Tèmítọ́pẹ́. Igi ti ń rúwé, Akin sì ti wà nísàlẹ̀ létí omi, mo mọ̀ pé á ti máa kánjú. Dámilọ́lá, gbé ọ̀pá mi fún mi. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi yín lọ́nà pé kí ni ìyá àgbà ń bá ẹja sọ, ẹ ní kó wá bi mí. Mo ṣì wà láyé.